Abọ́ ìjẹun inú báàgì: bí mo ṣe ṣe é, bí mo ṣe bà á jẹ́, bí mo ṣe tún un ṣe

Àbúrò mi tó ń ṣe sójà ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ o. Ó wálé fún ìsinmi lóṣù karùn-ún, ó tú báàgì ẹ̀ sílẹ̀ ní pálọ̀, mo wá rí i pé ike tí wọ́n fi ń ta áísìkiriimù ló fi ń jẹun, èyí tí ìdérí ẹ̀ ti là tó wá fi rọ́bà dì í, pẹ̀lú ṣíbí kan tó ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Mo ní ṣé nǹkan tí o fi ń jẹun nìyí, ó ní èyí tóun ní tẹ́lẹ̀ ti sọnù, "àti pé Brọ̀dá mi, ẹ má fi ike yìí ṣeré o, kò wúwo, kì í sì í dún." Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, "kì í sì í dún", torí èmi ò kà á kún lọ́jọ́ náà, òun ló sì padà wá jẹ́ kí n tú iṣẹ́ bí oṣù mẹ́ta palẹ̀.

Iṣẹ́ fíríìjì àti éèsì ni mo ń ṣe n'Ìbàdàn níbí, mi ò kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, àmọ́ mo ní dírìlì, mo ní fáìsì, mo ní sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń gé páànù, mo sì ní ọwọ́ tí kì í gbé jẹ́ẹ́. Mo bá sọ fún un pé kó tó tún padà wálé lóṣù kẹjọ màá ti ṣe nǹkan gidi fún un. Àwọn ọ̀rẹ́ wa tí a jọ máa ń jáde lọ ṣe píkíníìkì náà gbọ́, wọ́n ní àwọn náà fẹ́, torí ìgbà tí a lọ kẹ́yìn ńṣe lẹnì kan gbé odidi kúlà ráìsì lérí gun òkè, ó yọ̀, ráìsì lọ, kúlà náà lọ. Torí náà iṣẹ́ kan ṣoṣo, oníbàárà méjì: sójà àti onígbafẹ́. Mo rò pé nǹkan kan náà ni wọ́n ń fẹ́. Irọ́ ni.

Oṣù karùn-ún, agolo bàbá àgbà

Bàbá tó bí bàbá mi lọ ogun Bọ́mà. Ẹ mọ̀ pé wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ gan-an nígbà ogun Hitler, ikọ̀ 81 àti ikọ̀ 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n kó wọn sọdá òkun lọ sí Íńdíà, láti ibẹ̀ wọ́n wọ igbó Bọ́mà. Nínú gbogbo ohun tí bàbá kó bọ̀, mẹ́sì-tíìnì kan, agolo tí sójà fi ń se oúnjẹ tó sì fi ń jẹ ẹ́, ló kù nílé, màámi sì ń fi bu oúnjẹ adìyẹ. Mo lọ bá wọn, mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ yá mi ní agolo bàbá. Wọ́n ní kí làwọn fẹ́ máa fi bu oúnjẹ fún adìyẹ àwọn. Kọ́ńgò tuntun ni mo lọ rà fún wọn kí wọ́n tó gbà.

Mo fi eérú àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Onígun mẹ́rin ni, àmọ́ igun ẹ̀ ò mú, wọ́n ká a bọ̀ǹbọ̀. Ọwọ́ ẹ̀ jẹ́ wáyà líle kan tó gùn, tó máa ń ká bọ̀ ọ́ lára bí ẹsẹ̀ tata. Méjì ló yẹ kó jẹ́, ọ̀kan á wọnú èkejì, àmọ́ a ò gbúròó èyí kékeré mọ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Lábẹ́ ẹ̀, wọ́n fi ìṣó họ nọ́ńbà kan, màámi ní nọ́ńbà sójà bàbá ni. Mo fọwọ́ pa nọ́ńbà yẹn títí.

Ẹni tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe jagun lọ́hùn-ún á mọ ìdí tí agolo yẹn fi rí bẹ́ẹ̀. Ikọ̀ 81 tó wọ àfonífojì Kaladan lọ́dún 1944 ò rí ọ̀nà mọ́tò kankan gidi, bàálù ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn látòkè, àwọn alárùú inú ikọ̀ náà á wá gbé e lérí, orí gan-an ni mò ń sọ, bí ìgbà tí èèyàn ń ru igi ìdáná. Tó bá jẹ́ orí lo fi ń ru ohun gbogbo, nǹkan kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ jẹ́ ìkòkò, kó jẹ́ àwo, kó tún jẹ́ ife tíì.

Mo wá tẹ èbà sínú ẹ̀, mo bu ẹ̀fọ́ rírò sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Èkíní, kò síbi tí mo fẹ́ fọwọ́ sí. Ìkejì, ọbẹ̀ àti èbà ń wọnú ara wọn kí n tó débi òkèlè kẹta. Ìkẹta, èyí tó bí mi nínú jù, ọbẹ̀ sá wọ igun, ìka ò dé ibẹ̀, òkèlè ò dé ibẹ̀, mo wá ń yí agolo sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń wá ṣéńjì nínú àpò. Ẹran kékeré kan wà ní kọ̀rọ̀ yẹn tí mo fi ìka kékeré yọ. Mo ní hẹn-ẹn, àwọn tó ṣe agolo yìí ò ro ti ọwọ́ rárá, ṣíbí àti fọ́ọ̀kì ló wà lọ́kàn wọn. Gbogbo èyí tí mo ti ń wò lórí fóònù mi náà, bákan náà ni, wọ́n á gbé ṣíbí, fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ síwájú bí ẹni pé ìyẹn ni oúnjẹ. Mo mú bírò, mo kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù: ABỌ́ ROBOTO. ABỌ́ MÉJÌ. OMI ÌFỌWỌ́.

Nǹkan tí mo jí kọ́ lára àwọn tó ti ṣe é ṣáájú

Mi ò ní parọ́, mo wo tiwọn dáadáa. Ti sójà Amẹ́ríkà nígbà ogun Hitler rí gbọọrọ bí ẹyin, páànù kan pẹ̀lú ìdérí tó ní àlà láàárín, ọwọ́ páànù yẹn fúnra ẹ̀ ló máa ń ká wá bo ìdérí tó sì ń tì í pa. Àmọ́ kì í ṣe páànù ló wù mí, ihò tó wà nídìí ṣíbí, fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ wọn ni. Tí sójà bá jẹun tán, á ki gbogbo wọn bọ ọwọ́ páànù, á wá rì wọ́n pa pọ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù omi ọṣẹ gbígbóná, á gbé e kúrò níbẹ̀, á rì í sínú omi tó ń hó, ìka ẹ̀ ò ní kan omi. Ìgbẹ́ ọ̀rìn ni wọ́n ń sá fún. Abọ́ tí wọn ò fọ̀ dáadáa lè da odidi ẹgbẹ́ ọmọ ogun dùbúlẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni yìnbọn.

Trangia, ilé-iṣẹ́ kan ní Sweden, láti 1951 ni wọ́n ti ń ṣe irú ààrò kékeré tí ìkòkò, páànù, ohun tó ń dá atẹ́gùn dúró àti iná ẹ̀ tó ń lo spírítì gbogbo ẹ̀ ń wọnú ara wọn. Wọn ò kan ọwọ́ mọ́ ìkòkò kankan, ẹ̀mú kékeré kan ló wà, òun ni wọ́n fi ń gbé gbogbo ẹ̀. Ẹ má gbàgbé ẹ̀mú yìí, mo kọ́kọ́ rojú ẹ̀, ojú sì tì mí lẹ́yìn náà.

Ti ará Íńdíà náà wà, abọ́ tí wọ́n ń tò léra tí wọ́n fi irin há lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, àwọn tó ń gbé e kiri ní Mumbai ti ń ṣe é láti bí ọdún 1890. Ìyẹn ò tiẹ̀ ṣàjèjì sí wa, ta ni ìyá àgbà ẹ̀ ò ní abọ́ táńganran alájà mẹ́ta tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ lọ fún aláìsàn? Ó dáa, àmọ́ ó ga, tí ẹ bá kì í sínú báàgì tó dùbúlẹ̀, ọbẹ̀ á bá yín sùn. Tí ẹ bá sì ní kí n sọ òótọ́, ẹ̀kọ inú ewé ló fẹ́rẹ̀ẹ́ borí gbogbo wọn, kò ní abọ́, kò ní fífọ̀, ẹ jẹ ẹ́ tán ẹ ju ewé nù, ewúrẹ́ jẹ ìyókù. Àmọ́ ẹ ò lè se omi nínú ewé.

Oṣù kẹfà, alumí já mi kulẹ̀

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni alumí, torí kò wúwo (ìwọ̀n ẹ̀ ò ju bí ìdá mẹ́ta irin lọ), iná sì máa ń rìn nínú ẹ̀ kíákíá, ó fi bí ìlọ́po mẹ́rìnlá ju súténẹ́lẹ́ẹ̀sì, irin abọ́ tó ń dán yẹn, lọ. Mo lọ bá bàbá kan tó ń da ìkòkò. Mo gbádùn bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ká má parọ́. Wọ́n tẹ abọ́ tí mo mú lọ sínú yanrìn tútù, wọ́n yọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń yọ ọmọ lẹ́yìn, wọ́n wá da alumí tó ti yọ́ sínú ojú ẹ̀. Ní ìwọ̀n ooru 660 lórí Celsius ló ń yọ́, ó ń dán bí dígí, àwọ̀ ojú ẹ̀ ń wú wìrìwìrì. Nígbà tó tutù tí mo gbé e lé ìwọ̀n, 410 gíráàmù, abọ́ kan ṣoṣo! Ẹ̀gbẹ́ kan nípọn tó mílímítà mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ kejì ò tó mẹ́ta. Sójà wo ló fẹ́ gbé èyí.

Ìwúwo kọ́ ló tilẹ̀ lé mi kúrò níbẹ̀. Mo wo òkìtì irin tí wọ́n ń yọ́: písítìn mọ́tò, ríìmù, wáyà, ẹ̀yìn fíríìjì (èmi gan-an wà lára àwọn tó ń tà á fún wọn), agolo, àti oríṣiríṣi tí mi ò lè dá mọ̀. Wọ́n ti ṣe ìwádìí lórí irú ìkòkò tí wọ́n ń fi àlòkù irin dà báyìí, ní Cameroon àti láwọn ibòmíì, wọ́n rí i pé òjé, ìyẹn lẹ́ẹ̀dì, ń yọ látinú ẹ̀ wọ oúnjẹ, àgàgà tí oúnjẹ náà bá ní kíkan nínú. Ọbẹ̀ ata wa tó kún fún tòmátì ńkọ́? Òjé sì rèé, ọpọlọ ọmọdé ló máa ń bà jẹ́. Mi ò bá bàbá yẹn jà, iṣẹ́ wọn ni, mo san owó wọn, abọ́ yẹn ló wà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ń kó ìṣó sí.

Oṣù kẹfà náà ló ṣì wà, súténẹ́lẹ́ẹ̀sì

Mo gba Dùgbẹ̀ lọ pẹ̀lú rúlà àti mágínẹ́ẹ̀tì tí mo yọ lára sípíkà tó ti bàjẹ́. Àwọn ìyá tó ń ta abọ́ kọ́kọ́ rò pé mo fẹ́ dán wọn wò ni. Irú tí kì í dípẹtà ni mò ń wá. Èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì bá dì mọ́ gírígírí, mo fi í lẹ̀, èyí tí kò bá dì mọ́ mo rà á, mágínẹ́ẹ̀tì nìkan sì kọ́, mo gbé wọn délé, mo rẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú omi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́jú. Ọ̀kan yọ ìpẹtà pupa lẹ́nu. Ó bá ti abọ́ alumí lọ.

Èyí tó kù: abọ́ ńlá, 14 sẹ̀ǹtímítà lẹ́nu, 7 ní gíga, ó gba lítà kan ó lé díẹ̀. Abọ́ kékeré, 12 àbọ̀ lẹ́nu, 6 ní gíga, ó gba bí 70 sẹ̀ǹtílítà. Ìdérí tó jìn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tó bo èyí ńlá. Ẹ ṣọ́ra fún abọ́ tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ tí ìdí ẹ̀ tín o, wọ́n rọrùn láti tò léra, àmọ́ wọ́n máa ń yí dànù lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú. Tèmi, ìdí àti ẹnu ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èbà nínú ńlá, ọbẹ̀ nínú kékeré. Mo jẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìka mi yí abọ́ ọbẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan, ó mọ́ tónítóní. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi kó wá wo abọ́ òfìfo.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo ẹ̀ gbóná, kò lọ́wọ́. Mo bá lu ihò méjì sára abọ́ ńlá, mo fi rífẹ́ẹ̀tì, ìṣó tí wọ́n ń tẹ̀ lórí pa, kan wáyà tó ń ká mọ́ ọn bíi ti bàbá àgbà. Mo da omi sí i: tó... tó... tó... ó ń jò. Mo yọ ọ́, mo fi wáṣà sí i, ó ṣì ń jò. Mo tún fi òmíràn tó nípọn sí i, omi dúró, àmọ́ nígbà tí mo se ẹ̀wà nínú ẹ̀, ẹ̀wà wọ abẹ́ rífẹ́ẹ̀tì ó sùn síbẹ̀, ọjọ́ kejì ó ti ń rùn. Bàbá wẹ́dà àdúgbò wa kọjá, wọ́n gbé abọ́ náà wò sójú oòrùn, wọ́n ní "Ìwọ oní-fíríìjì yìí, kí ló dé tí o ń lu abọ́ tí kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan níhò?" Mi ò rí èsì fọ̀. Wọ́n ní kí n lọ wo bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń mú irin gbígbóná, ṣé ó ń kan ọwọ́ mọ́ ọn ni? Ẹ̀mú! Ẹ̀mú tí mo ti rí lára Trangia tí mo kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ dànù. Wọ́n bá mi fi irin pẹlẹbẹ mílímítà mẹ́ta ṣe ọ̀kan, 85 gíráàmù, ó gbé abọ́ méjèèjì, ó gbé ìdérí, kò lu ihò sí ohunkóhun. Abọ́ tuntun ni mo tún lọ rà.

Ti ṣíbí nìyí kó tó di pé mo gbàgbé: mo gbìyànjú èyí tó ń ká, mo gé e lágbedeméjì mo fi rífẹ́ẹ̀tì so ó, ó dáa lójú, àmọ́ tó bá bu ẹ̀wà ńṣe ló ń mi orí bí àgbà tó ń tòògbé. Mo fi hákísọ̀ gé ṣíbí gidi kù sí sẹ̀ǹtímítà 12, mo fi fáìlì dán ẹnu ẹ̀, ó wọnú abọ́ kékeré. Ó parí.

Oṣù keje, iná

Kí ni mo fẹ́ fi se omi? Kẹrosíìnì á dú abọ́ á sì máa rùn nínú báàgì. Ohun ìdáná líle kan tó rí bíi súgà onígun wà, Esbit lorúkọ ẹ̀, Erich Schumm ará Jámánì ló ṣe é ní 1936, sójà ló pọ̀ tó ń lò ó, ó dáa, àmọ́ mi ò rí i rà nítòsí. Mo bá gé agolo mínírà méjì, mo ki ọ̀kan bọ èkejì, mo fi abẹ́rẹ́ lu ihò wẹ́wẹ́ yí i ká, mo da spírítì sí i. Gbogbo ẹ̀ ò tó 20 gíráàmù. Ìdajì lítà omi hó láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ lábẹ́ òrùlé.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n dán ògógóró wò torí ìyẹn ò wọ́n nílé ẹnikẹ́ni. A dán an wò. Ó tanná bí ẹni tí wọ́n fipá jí, ó kú. Omi pọ̀ jù nínú ẹ̀. A ò jẹ́ kí ìyókù ṣòfò ṣá.

Ẹ wá gbọ́ èyí, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi lójú. Iná spírítì kì í hàn lójú oòrùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan mo rò pé ó ti kú, mo gbé ìgò spírítì mo fẹ́ dà kún un, lóòótọ́ iná ń bẹ níbẹ̀, ó gun ìgò náà bọ̀ wá sọ́wọ́ mi *fàá*. Mo ju ìgò, irun ọwọ́ mi jó tán, òórùn ẹ̀ bíi ti orí ewúrẹ́ tí wọ́n ń wi. Ọlọ́run ló yọ mí, àwọn ọmọ ò sí nítòsí. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè iná náà lọ́ọ̀ọ́kán ná, tí mo bá ti mọ ìgbóná kankan mi ò ní dà á. Mo tún fi ọ̀dà pupa kun ìgò spírítì, mo ya orí òkú sí i, torí ìgò omi ló jọ, májèlé sì ni. Ẹ má sì tan án nínú àgọ́ o.

Kó tó di òpin oṣù yẹn ni ìdérí tún fi mí ṣẹ̀sín. Mo tẹ èbà tó gbóná gan-an, mo dé e pa, mo lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ jẹun, ìdérí ò ṣí. Mo fà á, mo lù ú, mo fi ṣíbí gbún un lẹ́nu, kò mira. Ooru ti di omi nínú ẹ̀, afẹ́fẹ́ ìta ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èmi tí mo ń fi fákúùmù páǹpù, ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde, wá oúnjẹ òòjọ́ mi! Ẹni tí mo lọ bá tún fíríìjì ṣe gan-an ló ràn mí lọ́wọ́, wọ́n da omi gbígbóná lé e, ó ṣí. Mo lu ihò kan sórí ìdérí lẹ́yìn ìyẹn, mo fi rọ́bà kékeré tí wọ́n ń tà fún ìdérí ìkòkò presọ dí i. Tó bá lẹ̀, ẹ fa rọ́bà yọ, ó mí, ó ṣí. (Bàbá wẹ́dà rí ihò yẹn. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn wò mí.)

Ìdí tí rọ́bà yẹn fi gbọ́dọ̀ di ihò náà pa ni pé ìdérí yìí kan náà ni abọ́ ìfọwọ́. Omi ìfọwọ́ ti kọ́kọ́ pá mi láyà, mo ya oríṣiríṣi ìgò kékeré sínú ìwé, kí n tó rí ọmọ kan nídìí ọkọ̀ tó fi eyín já igun píọ́ wọ́tà tó sì ń fọwọ́ pẹ̀lú ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín síra mi. Ẹ já igun, ẹ fún un, omi tín-ín-rín á máa tú jáde, ẹ gbé ìdérí sábẹ́. Mo wọ̀n ọ́n, sẹ̀ǹtílítà 15 tó fọwọ́ kan mọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, ìdérí sì gba ju ìlọ́po méjì ẹ̀ lọ. Ọṣẹ dúdú wẹ́wẹ́ kan wà nínú ike oògùn. Irú ètò ìfọwọ́ yìí ò sí lára gbogbo èyí tí mo rí lórí fóònù.

Oṣù kẹjọ, sójà dé

Mo gbé e fún àbúrò mi bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó yìn ín, ó kó o sínú báàgì, ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè ní pálọ̀. Gbinrin, gbinrin, gbinrin. Ó ní "Brọ̀dá, ẹ gbọ́ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀? Lóru, gbogbo ayé ti mọ̀ pé mò ń bọ̀." Ó yọ abọ́ náà, ó yí i sójú oòrùn, ìmọ́lẹ̀ ta dé ara ògiri ilé kejì. "Èyí náà ńkọ́?" Ohun tí ike áísìkiriimù ti sọ fún mi lóṣù karùn-ún.

Mo kọ́kọ́ gé tíúbù kẹ̀kẹ́ bọ ẹnu abọ́ kékeré. Kò dún mọ́, àmọ́ nígbà tí ooru kàn án, ọbẹ̀ wa gba òórùn fọkanáísà. Mo yọ ọ́. Télọ̀ ìsàlẹ̀ ilé wa ló yanjú ẹ̀, ó fi táwẹ́ẹ̀lì rán àpò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kan fún abọ́ kékeré nínú ńlá, ọ̀kan fún ẹ̀mú àti ṣíbí. Mo fi fò, kò dún. Àpò yẹn náà ni wọ́n fi ń nu ọwọ́ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán. Dídán ni mo fi sáńpépà pa, mo họ ìta abọ́ títí ó fi ṣú bí ọjọ́ òjò, inú ni mo fi sílẹ̀ kó dán torí ibi tí sáńpépà bá họ oúnjẹ á máa lẹ̀ mọ́ ọn. Mo gbé tàwọn onígbafẹ́ fún wọn láìhọ, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ní ṣé mi ò lè kọ orúkọ òun sí i lára ni.

Gbogbo ẹrù náà, abọ́ méjì, ìdérí, ẹ̀mú, ṣíbí, iná, àti àpò, ó jẹ́ 640 gíráàmù, láìka spírítì. Ó wúwo ju ike lọ jìnnà. Àbúrò mi ní kò burú, òun á kó gààrí àti kúlíkúlí sínú ẹ̀, ibi tó gbà kò ní ṣòfò.

Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà

A jẹ́ mẹ́fà tó lọ. Ìsàn omi Olúmirìn ní ìpele méje, mi ò ní gbéraga, ìpele kejì la dúró sí. Atẹ́gùn àti ìkùukùu omi ń ṣeré pẹ̀lú iná wa, mo ní láti fi ara mi àti òkúta kan dí i, ìdajì lítà tó ń hó ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ nílé gba mọ́kànlá níbẹ̀, spírítì tí mo sì gbé lọ fún èèyàn mẹ́fà fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó mẹ́rin. Ohun tó ń dá atẹ́gùn dúró ni mo gbọ́dọ̀ tún ṣe, ojú mi ti wà lára páànù ẹ̀yìn éèsì kan.

A fún píọ́ wọ́tà, a fọwọ́, èbà wà níbí ọbẹ̀ wà lọ́hùn-ún, ẹnikẹ́ni ò yí abọ́ wá ṣéńjì. Arábìnrin kan tó lẹ èékánná gígùn ní òun ò lè fọwọ́ jẹun, ó mú ṣíbí mi, ṣíbí kúrú débi pé èékánná ẹ̀ méjèèjì wọ ọbẹ̀. Ó ní, "Brọ̀dá oní-fíríìjì, ṣé ọmọdé lẹ ṣe ṣíbí yìí fún ni?" Ó dáa, ti onígbafẹ́ á gùn dé 16, ìta àpò ni yóò máa wà. A kó gbogbo ọ̀rá píọ́ wọ́tà sínú abọ́ ńlá, a gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Àbúrò mi fi ohùn ránṣẹ́ lánàá, ó ní mẹ́ta nínú àwọn ẹgbẹ́ òun ń fẹ́, kí n ṣe é kó ṣú ju èyí lọ. Màámi náà pè. Wọ́n ní kí n yáa dá agolo bàbá padà, kọ́ńgò tí mo rà yẹn ò ní ọwọ́, adìyẹ ti ń ṣá àwọn níka.